Ibi Tí Mo Dúró Sí

Bàbá bàbá mi, Ambrose Raine,
ọgbọ̀n ọdún lábẹ́ ilẹ̀, nídìí èdú,
ogójì ọdún lẹ́yìn ipè idẹ kan tó sanra bí ọmọ ọdún méjì,
tó máa ń gbé sáyà bí ẹni tó fẹ́ kí ọmọ gùnfẹ̀.
Ó ní: "Ìdajì ni mò ń fọn.
Ibi tí mo dúró sí ló ń fọn ìdajì tó kù."

Mi ò gbà. Ọmọ ọdún méje ni mí.
Ipè ni ipè, mo ní, idẹ ò ṣáà lè yí padà.
Ó rẹ́rìn-ín, ó wúkọ́, ó ní kí n lọ wọ bàtà.

Ọjọ́ náà ni ẹgbẹ́ afọnpè Kọ́dálì ń wọ́ lọ sí àjọ àwọn awakùsà.
Ní àdúgbò tí ilé fara kan ilé,
bíríkì pupa lọ́tùn-ún, bíríkì pupa lósì,
ohùn ò ríbi gbà; ó ń já lu ara rẹ̀
bí ọmọ tó tú jáde nílé ìwé.
Fèrèsé Edna Coulthard ń gbọ̀n.
Àwọn ife inú kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀ ń dáhùn.

A dé abẹ́ afárá rélùwéè.
Bàbá mi kan ṣoṣo di ogójì bàbá.
Òkúta tutù, omi ń kán,
ohùn náà wúwo débi pé ikùn ni mo fọwọ́ dì, kì í ṣe etí.
Ìṣísẹ̀ méjìdínlógún péré ni. Mo kà á.
Lẹ́yìn náà, pápá gbalasa,
ohùn sì bọ́ bíi ṣòkòtò tí okùn rẹ̀ já:
afẹ́fẹ́ gbé e, ó kó o fún àwọn àgùntàn.
Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè fọwọ́ kan kóòtù rẹ̀, n kò gbọ́ ọ dáadáa mọ́.
Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣì wú. Iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe.

Ẹsẹ̀ pẹ̀lú ní tirẹ̀.
Kòtò ojú ọ̀nà ń ti ètè rẹ̀ kiri lórí idẹ,
ohùn gígùn kan á wá ní kókó mẹ́rin.
Nígbà tó yí kọ́nà, tó kẹ̀yìn sí wa,
gbogbo ohun tó mú nínú ohùn náà bá a lọ;
èyí tó ṣẹ́kù sí wa létí
dà bí ọ̀rọ̀ àwọn òbí lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ní Kérésìmesì, yìnyín bolẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì.
Idẹ tutù, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀;
dùùrù ń pè é lókè, kò lè gòkè.
Ó ti ipè sábẹ́ kóòtù, ó ń mí sínú rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́
bí ẹni tó ń fẹ́ iná tí kò fẹ́ kó jò.

Wọ́n ti kùsà pa.
Èdú kan ò jáde: èyí tó wà nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀.
Kò lè rìn dé afárá mọ́.
Ó fọn ipè nínú yàrá: bẹ́ẹ̀dì, kọ́tíìnì,
súwẹ́tà ìyá àgbà, gbogbo wọn gbé ohùn mì,
wọn ò dá ṣẹ́ńjì padà.
Ó wò mí. "Ṣé o rí i?"
Mo ti pé mẹ́rìnlá. Mo rí i. N kò sọ.

Ìyá àgbà ló gbé àga lọ sí balùwẹ̀.
Bàbá jókòó láàárín táìlì funfun nínú píjámà,
ó fọn ohùn kan, kúkúrú,
ó sì yọ ẹnu kúrò.
Ohùn náà ń lọ. Èémí rẹ̀ ti tán, ohùn náà ṣì ń lọ.
Ó gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń gbọ́ ọ
bí ẹni pé ẹlòmíràn ló fọn ọ́n.

Lánàá mo gbé ipè náà lọ sábẹ́ afárá.
N kò mọ̀ ọ́n fọn. Ohun tó jáde jọ igbe màlúù tó sọnù.
Ọkùnrin oníkẹ̀kẹ́ kan bojú wẹ̀yìn.
Mo sún sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ méjì,
mo tún fọn.